Oṣù Mẹ́jọ Ní Oríta Kan

Àtìgbà tí mo ti ń gbé kámẹ́rà kiri ìgboro, fọ́tò dúdú-funfun ni mò ń yà. Ó máa ń bo àṣìṣe, ká má parọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá dáa, tàbí tí aṣọ àwọn èèyàn bá ń bára wọn jà, mo kàn máa ń yọ àwọ̀ ẹ̀ kúrò ni, á sì dà bí ohun tó níyì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní oríta tí mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́, mo rí i pé àwọ̀ gan-an ló ń lọ: ògiri tí wọ́n ti kùn ní àkùntúnkùn, pátákó tí oòrùn ti jẹ́ kó ṣá, iná òpópónà tó máa ń pupa rúsúrúsú lálẹ́. Tí mo bá yọ àwọ̀ kúrò lára ìwọ̀nyẹn, kí ló kù tí mo yà? Mo bá pinnu pé oṣù mẹ́jọ gbáko ni màá fi ya oríta náà, aláwọ̀ nìkan.

Mi ò ní sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ ronú ẹ̀ o. Fred Herzog, ọmọ Jámánì tó kó lọ sí Kánádà, ti ń ya pátákó ṣọ́ọ̀bù, iná neon àti mọ́tò ní Vancouver lórí fíìmù aláwọ̀ Kodachrome láti àwọn ọdún 1950. Nígbà yẹn, lójú àwọn tó ka ara wọn sí ọ̀gá, fọ́tò aláwọ̀ ò ju ti ìpolówó ọjà lọ. Kódà nígbà tí MoMA, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ní New York, pàtẹ fọ́tò aláwọ̀ William Eggleston lọ́dún 1976, àwọn lámèyítọ́ bẹnu àtẹ́ lù ú gan-an. Ó di ọdún 2007 kí wọ́n tó pàtẹ iṣẹ́ Herzog rẹpẹtẹ ní ìlú tó yà. Mo jókòó ti fọ́tò ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé àwọ̀ ni kí n kọ́kọ́ wá, kí n dúró tì í, èèyàn á wá bá mi níbẹ̀.

Ètò kámẹ́rà ò le. Lẹ́ńsì 35mm kan ṣoṣo, f/8 (ìyẹn ìwọ̀n ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé), kí ojú ẹ̀ wà ní mítà 3. Ohunkóhun tó bá wà láàárín nǹkan bíi mítà 2 sí 7 á hàn kedere, mi ò sì ní máa yí lẹ́ńsì nígbà tí ẹni tí mo fẹ́ yà ti kọjá lọ. Mo máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ sí iye tí kámẹ́rà fẹ́, torí àwọ̀ pupa tó bá gba oòrùn jù máa ń di pẹlẹbẹ, ìṣẹ́po aṣọ àti ìlà ọ̀dà á pòórá. Ní ti àwọn èèyàn, ẹni tó bá ní kí n má ya òun, mo máa ń pa fọ́tò ẹ̀ rẹ́ lójú ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wó ilé kejì, ògiri tó fi gbára lé ilé tó tẹ̀ lé e ṣì wà ní ìdúró, gbogbo yàrá sì hàn síta. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ búlúù, ti àárín jẹ́ àwọ̀ ewé, ti òkè jẹ́ pinkì. Lára ti àárín, ibì kan wà tó rí bíi fèrèsé kékeré, tí ọ̀dà ibẹ̀ ṣì mọ́ bí ẹni kùn ún lánàá. Nǹkan ti wà lórí ẹ̀ tipẹ́. Ìṣó ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yà á nínú oòrùn, kò dùn ún wò. Ọjọ́ tí òjò ṣẹ́ wẹ́liwẹ́li, tí ojú ọ̀run ṣú, ni ògiri náà tó sọ̀rọ̀, torí ọ̀dà tó bá tutù máa ń jinlẹ̀ sí i.

Bàbá kan dúró lẹ́yìn mi. “Ọmọ mi, kí lò ń yà níbẹ̀?”

“Ògiri yẹn ni, bàbá.”

Wọ́n wò ó títí. “Dígí la gbé kọ́ síbẹ̀,” ni wọ́n wí, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Mi ò rántí ya bàbá náà.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti iná. Wọ́n ń yọ gílóòbù sodium, wọ́n ń fi LED rọ́pò ẹ̀, ó sì wá di alẹ́ ọjọ́ kan tí apá kan òpópónà pupa rúsúrúsú, tí apá kejì funfun báláú. Mo yà tó ọgọ́rin. Àṣé JPEG ni mo fi sí, irú fáìlì tí kámẹ́rà máa ń tún ṣe tán kó tó tọ́jú ẹ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ white balance, ìyẹn ohun tí kámẹ́rà máa kà sí funfun, lé e lọ́wọ́. Ó rí pupa yẹn bí àbùkù, ó tún un ṣe fún mi. Nígbà tí mo délé, gbogbo ẹ̀ ti di eérú, JPEG sì ti da èyí tí mi ò bá fi tún un ṣe nù. Nígbà tí mo padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, àti white balance tí mo ti dè mọ́ ti ojúmọmọ, 5500 K, òpó méjì péré ló kù tí wọn ò tíì pààrọ̀. Mo dúró tì wọ́n fún wákàtí méjì. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kọjá láàárín: èjìká kan pupa bí ẹni dúró ti iná igi, èkejì funfun débi tó fẹ́ di búlúù. Èyí nìkan ni mo rí mú bọ̀, òun náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́jọ pé, mo tẹ fọ́tò 214 jáde ní kékeré, mo tò wọ́n sílẹ̀ yàrá. Mi ò fi ọjọ́ tò wọ́n. Mo fi àwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi kọ́ mi nílé pín wọn: pupa, funfun, dúdú. Ìyeyè wọlé sábẹ́ pupa, aró wọlé sábẹ́ dúdú. Kò gba ìrònú, ó sì yá ju bí mo ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ni mo wá yẹ ẹ̀yìn wọn wò, níbi tí mo kọ ọjọ́ sí. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo òkìtì pupa. Oṣù méjì tó kẹ́yìn, funfun ni ṣáá: dígí, símẹ́ńtì, LED.

Mo ti mú 24 nínú wọn. Yàrá aláwọ̀ ewé yẹn nìkan ni mi ò tíì rí òkìtì fi sí. Ewé dúdú la máa ń sọ, mo mọ̀, àmọ́ ibi tí dígí wà yẹn ò dúdú rárá. Orí tábìlì ló ṣì wà.