Bátìrì Tó Yẹ fún Fíríìjì Alágbèéká Inú Ọkọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

A kọ ìwé yìí fún gbogbo ẹni tó ń gbé ohun tí kò gbọdọ̀ gbóná rin ọ̀nà jíjìn: ẹni tó ń gbé oògùn àjẹsára adìẹ láti Ìbàdàn lọ sí àwọn oko tó wà lọ́nà Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ẹni tó ń ra ẹja tútù ní Ẹ̀pẹ́, àti ìdílé tó ń lo ọjọ́ bíi mélòó kan ní abúlé tí kò sí iná. Fíríìjì kékeré tó ń lo iná bátìrì ọkọ̀, irú èyí tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń gbé lọ sí àgọ́, lè ran irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gidigidi. Àmọ́ bí a kò bá ṣètò bátìrì rẹ̀ dáadáa, ó lè fa iná ọkọ̀ tán lóru, kí ilẹ̀ mọ́, kí ọkọ̀ má ṣíná, kí oògùn sì ti bàjẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìrìn yín ṣe gùn tó

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ra fíríìjì yìí ló nílò bátìrì kejì, ìyẹn èyí tó yàtọ̀ sí bátìrì ọkọ̀, tí fíríìjì yóò máa lò. Bí ẹ bá ń jáde láàárọ̀ tí ẹ sì ń padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín kì í wà ní pípa ju wákàtí kan lọ níbi tí ẹ bá dúró sí, bátìrì tí ọkọ̀ ní tẹ́lẹ̀ ti tó, bí ó bá ṣì lágbára, tí ẹ sì ti fi iná ilé mú fíríìjì náà tutù láti òru àná. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju wákàtí mẹ́rin lọ kò tilẹ̀ nílò fíríìjì: kúlà tí ara rẹ̀ nípọn, pẹ̀lú yìnyín tó pọ̀ tó, yóò ṣe iṣẹ́ náà, inú wa yóò sì dùn bí ó bá fi owó tó kù ra oúnjẹ adìẹ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni ẹni tí yóò sùn sí ibi tó ń lọ, tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò wà ní pípa láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, tí fíríìjì kò sì gbọdọ̀ dákẹ́.

Iye iná tí fíríìjì ń jẹ

Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà lọ́jà. Ọ̀kan ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bíi fíríìjì ilé. Èkejì kò ní, fáànù àti pẹlẹbẹ kékeré kan tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá ló fi ń lé ooru jáde. Èyí tí kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò wọ́n púpọ̀, àmọ́ ó ń fa nǹkan bí áḿpù 4 sí 5 láìsinmi, agbára rẹ̀ kò sì ju kí inú rẹ̀ fi nǹkan bí ìwọ̀n 20 tutù ju ìta lọ. Ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà, bí inú ọkọ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 40, inú rẹ̀ yóò ṣì wà ní ìwọ̀n 20, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n 2 sí 8 ni oògùn àjẹsára àrùn Newcastle ń fẹ́. Ẹ má fi gbé oògùn rárá.

Fíríìjì oníkọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó gba lítà 40 máa ń fa nǹkan bí wáàtì 45 sí 60 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, èyí tí í ṣe áḿpù 4 sí 5 lórí bátìrì 12 fọ́ltì. Àmọ́ ó máa ń sinmi. Lóru tí afẹ́fẹ́ tutù, ó lè ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú péré nínú wákàtí kan. Lọ́sàn-án gangan, nínú ọkọ̀ tí a tì pa, ó lè ṣiṣẹ́ ju ìdajì wákàtí lọ. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi ọkàn sí áḿpù-wákàtí 40 sí 50 fún ọ̀sán kan àti òru kan. Áḿpù-wákàtí yìí ni iye tí wọ́n ń kọ sára bátìrì: bí a bá fa áḿpù kan fún wákàtí kan gbáko, áḿpù-wákàtí kan la lò. Ẹ lè dín iye náà kù láìná kọ́bọ̀, bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi, tí ẹ fi ìgò omi tútù dí àyè tó ṣófo nínú fíríìjì, tí ẹ kò sì gbé ẹrù dí ojú ibi tí ooru ń gbà jáde lára rẹ̀.

Bátìrì tó ń ṣíná ọkọ̀ kì í ṣe bátìrì fíríìjì

Inú bátìrì ọkọ̀ kún fún pẹlẹbẹ òjé tínínrín, kí ó lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áḿpù jáde ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn èyí tí alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, yóò dá ohun tó lò padà kíákíá. Bí a bá ń fa irú bátìrì bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ, pẹlẹbẹ rẹ̀ yóò bàjẹ́, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní lè gba iná mọ́. Ẹni tó mọ eré sísá kọ́ là ń gbé àpò àgbàdo lé lórí pé kó rù ú láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́.

Bátìrì tí fíríìjì ń fẹ́ ni èyí tí pẹlẹbẹ rẹ̀ nípọn, irú èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí bátìrì ìnfátà. Èyí náà kò fẹ́ kí a lò ó ju ìdajì lọ, nítorí náà bátìrì áḿpù-wákàtí 100 yóò fún yín ní 50 péré, ìyẹn ọ̀sán kan àti òru kan. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti dí pa bí yóò bá wà níbi tí ènìyàn ń jókòó sí, torí èyí tí à ń bu omi sí máa ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde nígbà tó bá ń gba iná, ásíìdì rẹ̀ sì lè dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà oko.

Bátìrì lithium tó ní irin nínú, tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára, wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àmọ́ a lè lo nǹkan bí 80 nínú 100 rẹ̀ láìṣe é ní jàǹbá, ó lè kún kó sì tán ní ìgbà 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n èyí tó jẹ́ áḿpù-wákàtí 100 kò sì ju nǹkan bí kílò 11 sí 13 lọ, níbi tí olójé tó bá a dọ́gba ti ń tó kílò 28 sí 30. Ẹni tó ń rìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a lè gbà níyànjú pé kó fara da owó rẹ̀. Ẹni tó ń rìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré lọ́dún, olójé ti tó o.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra bátìrì tòkunbọ̀ fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Bí ẹ bá sì ń ra tuntun, ẹ gbé e wọ̀n: bátìrì olójé tí wọ́n kọ 100 sí lára tí kò wọ̀n ju kílò 18 lọ, òjé inú rẹ̀ kò tó, iye tí wọ́n kọ sí i lára kì í ṣe òtítọ́.

Bí bátìrì kejì yóò ṣe máa gba iná

Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni kí ríwáyà fi ìsopọ̀ kan sáàárín bátìrì méjèèjì, èyí tó máa ń so wọ́n pọ̀ nígbà tí alternator bá gbé iná dé nǹkan bí fọ́ltì 13.3, tó sì máa ń já wọn nígbà tí ó bá wálẹ̀ sí nǹkan bí 12.8. Nípa bẹ́ẹ̀, fíríìjì kò lè fa bátìrì ìṣíná lóru. Ètò yìí dára fún bátìrì olójé nínú ọkọ̀ àtijọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń dín iná alternator kù láti fi epo pamọ́, bátìrì kejì kò sì ní kún láé. Bátìrì lithium ní tirẹ̀ lè fa iná lọ́wọ́ alternator débi tí yóò fi gbóná jù. Nínú ọ̀ràn méjèèjì yìí, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń gba iná bátìrì kan láti fi kún èkejì ní ìwọ̀n, tí wọ́n ń pè ní DC-DC charger. Èyí tó jẹ́ áḿpù 20 lè dá ohun tí fíríìjì jẹ lóru padà láàárín nǹkan bí wákàtí méjì sí mẹ́ta tí ọkọ̀ bá fi ń rìn. Ẹni tí yóò dúró lójú kan ju ọjọ́ kan lọ lè fi páńẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 100 kún un. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a lè rí nǹkan bí áḿpù-wákàtí 25 gbà lójúmọ́ láti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Wáyà ni ọ̀pọ̀ ríwáyà ti máa ń ṣe àṣìṣe. Láti iwájú ọkọ̀ dé búùtù jẹ́ nǹkan bí mítà 5, àlọ àti àbọ̀ iná jẹ́ mítà 10. Bí a bá lo wáyà tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 1.5 mm², fíríìjì tó ń fa áḿpù 5 yóò pàdánù nǹkan bí ìdajì fọ́ltì lójú ọ̀nà, yóò rò pé bátìrì ti tán, yóò sì pa ara rẹ̀ nígbà tí bátìrì ṣì kún dé àárín. Ẹ ní kó lo wáyà bàbà 6 mm², kó sì fi fíúsì áḿpù 15 sí orí wáyà pupa, níbi tó sún mọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí. Wáyà tó lọ láti bátìrì sí bátìrì gbọ́dọ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì ní fíúsì ní orí méjèèjì. Ẹ fi bẹ́líìtì so bátìrì mọ́lẹ̀ gírígírí.

Ẹ dán an wò nílé

Kí ẹ tó gbé oògùn kankan sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí bátìrì kejì kún, ẹ gbé ìgò omi àti ohun ìwọn ooru sínú fíríìjì, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Ohun ìwọn ooru náà ni kí ẹ gbà gbọ́ ju nọ́ńbà tó ń tàn lójú fíríìjì lọ, nítorí ìsàlẹ̀ fíríìjì lè di yìnyín nígbà tí òkè rẹ̀ wà ní ìwọ̀n 5, oògùn àjẹsára olómi tó bá sì dì ti bàjẹ́. Láàárọ̀, ẹ yọ fíríìjì kúrò lára bátìrì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi mítà tó ń ka fọ́ltì wọn bátìrì náà. Bátìrì olójé tó kún máa ń ka nǹkan bí 12.7; tó bá ku ìdajì, á ka nǹkan bí 12.2. Ti lithium kò rí bẹ́ẹ̀, torí fọ́ltì rẹ̀ máa ń dúró sí nǹkan bíi 13 títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí náà ẹ ra mítà tó ń ka iye iná tó jáde mọ́ ọn. Bí bátìrì olójé yín bá ti wálẹ̀ kọjá 12.2 lẹ́yìn òru kan ṣoṣo, ẹ yẹ wáyà wò, ẹ yẹ rọ́bà ẹnu fíríìjì wò, kí ẹ sì tún dán an wò lóru mìíràn kí ẹ tó gbé e kúrò nílé.