Bí Àyẹ̀wò Bá Sọ Pé Kò Sí Irúgbìn Nínú Àtọ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀ Dé Inú Kórópọ̀n

Bí ilé àyẹ̀wò bá kọ ọ́ sínú èsì ọkùnrin kan pé kò sí irúgbìn nínú àtọ̀ rẹ̀, tàbí pé ó kéré jọjọ, ohun tí òun àti dókítà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ni ibi tí iṣẹ́ ti dúró: ṣé ọpọlọ ni kò ránṣẹ́ sí kórópọ̀n, ṣé kórópọ̀n fúnra rẹ̀ ni kò lè ṣe irúgbìn, àbí ọ̀nà tí irúgbìn ń gbà jáde ni ó dí? Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí kì í sì í ṣe akúra, lè wà nínú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìmọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tún àyẹ̀wò náà ṣe, lẹ́yìn tí ọkùnrin bá ti yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7. Ìwé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021 fi mílíọ̀nù 16 irúgbìn nínú mìlílítà kan ṣe ààlà ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè bímọ. Irúgbìn ń lo nǹkan bí ọjọ́ 74 nínú kórópọ̀n kí ó tó dàgbà, nítorí náà ibà líle tí ó ṣe ènìyàn ní oṣù méjì sẹ́yìn lè fara hàn nínú èsì òní.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣe àyẹ̀wò họ́mónù inú ẹ̀jẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni FSH àti LH, họ́mónù méjì tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí kórópọ̀n, ti ń wá. FSH ń darí àwọn sẹ́ẹ̀lì Sertoli tí ń tọ́ irúgbìn, LH sì ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì Leydig pèsè testosterone, họ́mónù ọkùnrin. Bí FSH bá ga tí kórópọ̀n sì kéré, inú kórópọ̀n ni ìṣòro wà, nítorí ọpọlọ ń pàṣẹ léraléra láìrí ìdáhùn. Bí FSH àti LH bá wálẹ̀ jù, àṣẹ ni kò dé, oògùn sì sábà máa ń ràn án lọ́wọ́. Bí FSH bá dára tí kórópọ̀n sì tóbi tó, ẹ fura sí ọ̀nà tí ó dí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má gba abẹ́rẹ́ testosterone nítorí pé ó ń wá ọmọ: abẹ́rẹ́ yìí ń tan ọpọlọ jẹ pé testosterone ti tó, LH àti FSH yóò sì rẹlẹ̀, kórópọ̀n yóò dáwọ́ irúgbìn ṣíṣe dúró.

Kí dókítà fi ọwọ́ yẹ ẹpọ̀n, ìyẹn àpò tí kórópọ̀n wà nínú rẹ̀, wò pẹ̀lú, lórí ìdúró. Ẹpọ̀n wà níta ara nítorí pé kórópọ̀n ń fẹ́ kí òun tutù ju inú ara lọ ní ìwọ̀n 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú varicocele, ìyẹn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú lókè kórópọ̀n, pàápàá lápá òsì, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ń dúró síbẹ̀, àwọn èròjà ọ́síjìn tí ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ń pọ̀ ju èyí tí ara lè kápá lọ, wọ́n ń ba awọ irúgbìn jẹ́, wọ́n sì ń já okùn DNA, ìyẹn ohun àjogúnbá, tí ó wà nínú rẹ̀. Varicocele tí a kò lè fi ọwọ́ mọ̀, tí ẹ̀rọ nìkan rí, kò yẹ fún iṣẹ́ abẹ, ohun yòówù tí wọn ìbáà sọ fún yín. Ẹ bi ìyá ọkùnrin náà léèrè bóyá kórópọ̀n rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nígbà èwe: họ́mónù INSL3 wà lára ohun tí ń fà á sọ̀kalẹ̀, èyí tí kò bá sì tíì sọ̀kalẹ̀ yẹ kí a fi iṣẹ́ abẹ mú wálẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù 18. Ṣegede tí ó mú ọkùnrin lẹ́yìn ìbàlágà lè wọ inú kórópọ̀n, kí ó sì pa sẹ́ẹ̀lì tí ń bí irúgbìn.

Bí irúgbìn kò bá sí rárá, tí FSH sì ga, àyẹ̀wò kúrómósómù, ìyẹn àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé jíìnì, bíi X àti Y, ló kàn. Nǹkan bí ọmọkùnrin 1 nínú 600 ni a bí pẹ̀lú XXY dípò XY, èyí tí a ń pè ní Klinefelter. X tí ó lé yìí ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tí ń bí irúgbìn kú díẹ̀díẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í sì í mọ̀ títí wọn yóò fi máa wá ọmọ. Kí a yẹ Y fúnra rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí apá kan lè já kúrò lára rẹ̀ ní ibi mẹ́ta tí a ń pè ní AZFa, AZFb àti AZFc. Bí AZFa bá lọ pátápátá, sẹ́ẹ̀lì Sertoli nìkan ni ó sábà máa ń kù. Bí ó bá jẹ́ AZFb, irúgbìn yóò dúró lágbedeméjì ìdàgbàsókè. Nínú ipò méjèèjì yìí, wíwá irúgbìn pẹ̀lú abẹ kì í sábà so èso, owó àti ìrora lásán ni. AZFc, tí àwọn jíìnì DAZ wà nínú rẹ̀, ni jíjá rẹ̀ wọ́pọ̀ jù lọ, a sì ń rí irúgbìn nínú kórópọ̀n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí tiwọn já, èyí tí a lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sínú ẹyin obìnrin. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọkùnrin tí a bá bí lọ́nà yìí yóò gba Y kan náà lọ́wọ́ bàbá wọn, ó sì yẹ kí tọkọtaya gbọ́ èyí, kí wọ́n sì rí èsì àyẹ̀wò náà, kí wọ́n tó san owó iṣẹ́ abẹ.