Bàtà Àyálò Ni Mo Wọ̀ Gun Kilimanjaro

Dọ́là 140 ni mo fi háyà ohun tí mo ti fowó ara mi rà tẹ́lẹ̀. Inú ṣì ń bí mi. Ọkọ̀ òfurufú tó gbé mi láti Èkó gbàgbé báàgì mi síbi tí a ti pààrọ̀ ọkọ̀, mo sì balẹ̀ sí Tanzania tèmi ti sáńdààlì.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó ní Moshi, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, tí mò ń tẹ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà láago. "Ó ń bọ̀ lọ́la." Ọ̀la dé, kò sí báàgì. Obìnrin tó ń gbé fóònù ti mọ ohùn mi. Kí n tó lanu ló ti ń ní kí n ṣe sùúrù. Àwọn tó fẹ́ mú mi gun òkè ní bí ọjọ́ bá yẹ̀, màá tún owó san. Ni mo bá lọ háyà jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà. Bàtà ọ̀hún há mi lọ́mọ ìka. Àwọn àgbà tó ń sọ̀rọ̀ ṣòkòtò àgbàbọ̀, wọn ò tíì fi bàtà àgbàbọ̀ gun òkè ni.

Òkè tí mo torí ẹ̀ wá gan-an, ìkùukùu bò ó. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo jẹgba nítorí mo ní irọ́ ni tíṣà ń pa, pé yìnyín ò lè wà lórí òkè ní Áfíríkà. (Rebmann, míṣọ́nnárì ará Jámánì, rí i lọ́dún 1848, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù náà ò gbà á gbọ́.) Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gbé bàtà jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ojú ọ̀run là. Mo kọ́kọ́ wò ó nísàlẹ̀, àṣé òkè lókè ló wà, ó funfun báláú, bí ẹni ta àlà sójú sánmà. Mo gbàgbé báàgì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀nà Marangu la gbà, ahéré onípákó la ń sùn sí, afinimọ̀nà ń ké "pole pole", ìyẹn jẹ́jẹ́. Òru tó kẹ́yìn la kúrò ní Kibo Hut, ahéré tó gbẹ̀yìn, mítà 4,720. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ ìka mi kú tipiri. Ilẹ̀ mọ́ bá wa létí ihò tí iná ń gbà yọ láyé àtijọ́. Lẹ́yìn náà, Uhuru, ṣóńṣó òkè náà, mítà 5,895! Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo bu yìnyín. Tíṣà jàre.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ wọ bàtà yín wọkọ̀ òfurufú, ì báà ṣe é tóbi bí odó.

Báàgì mi? Ọjọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni mo bá a ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó jókòó dè mí bí àlejò.