Bí a ṣe ń ṣètò ìrìn ọjọ́ kan láti Àkúrẹ́ lọ sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Olúmirin

Aago tí ẹ máa yíjú padà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó mú aago tí ẹ máa jáde nílé. Ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú níhà ọ̀dọ̀ wa: bí oòrùn bá ti wọ̀ láàárín aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ sí méje, òkùnkùn ti dé nìyẹn, ti abẹ́ igi sì tún máa ń yá ju ti ìta lọ. Nítorí náà, ẹ ka ọjọ́ náà láti ẹ̀yìn wá. Kí ẹ ti wọ Àkúrẹ́ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ ti wà ní títì lẹ́nu ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìlú tí Olúmirin wà, tí ẹ ń wá ọkọ̀, ní aago mẹ́rin. Kí gbogbo yín ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní aago mẹ́ta àbọ̀. A jẹ́ pé bí ó bá ti di aago kan ọ̀sán, ibi yòówù kí ẹ dé, ẹ padà, ì báà jẹ́ pé ẹ ti ń gbọ́ ariwo omi ìpele tó kàn. Àwọn tó ń sọ pé “ó ku díẹ̀” ni ilẹ̀ máa ń ṣú mọ́ lókè.

Ìpele méje ni Olúmirin ní, òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì ni omi náà sì ti ń wá. Ìpele kìíní kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá mú ọmọdé dání lè gbádùn ara rẹ̀ níbẹ̀ kí ó sì padà sílé. Láti ibẹ̀ lọ ni òkè ń ga ṣánṣán, tó fi jẹ́ pé gbòǹgbò igi àti etí òkúta lẹ máa fọwọ́ dì mú. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá ìpele kejì, ẹ mú ọmọ ìlú kan tó mọ ọ̀nà, kí ẹ sì fẹnu kò lórí owó rẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Oṣù wo ló dára? Láti ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá la máa ń yàn. Òjò ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, omi ò sì tíì gbẹ. Ní oṣù keje àti ìkẹsàn-án, omi pọ̀ lóòótọ́, òkúta ń yọ̀, òjò ọ̀sán sì lè ká yín mọ́ òkè. Inú ọyẹ́ gan-an, omi á ti tẹ́ẹ́rẹ́, eruku ò sì ní jẹ́ kí ẹ rí ọ̀ọ́kán.

Ọkọ̀ Iléṣà lẹ máa wọ̀. Ẹ wà ní gáréèjì ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ kó tó gbéra pé Ẹ̀rìn lẹ ti máa sọ̀. Ọ̀nà náà gba Ìgbàrà-Òkè àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Bí ẹ bá ti rí Ìpetu, ẹ kó ẹrù yín jọ, torí ẹni tó bá sùn lọ, Iléṣà ló máa bá ara rẹ̀. Láti títì, ọ̀kadà á gbé yín wọlé. Owó wẹ́wẹ́ ni kí ẹ mú dání, torí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́kàn lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lábẹ́ òkè pé ẹ máa fi fóònù sanwó. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ bi àwọn awakọ̀ léèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Wọ́n máa ń tètè gbọ́.

Bàtà ló ń fa wàhálà jù. Sílípáàsì ò ṣeé gbé lọ, bàtà tuntun náà ò sì dára torí á bó yín lẹ́sẹ̀. Kánfáàsì onírọ́bà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, tí ẹ ti wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, òun ló dára. Ẹ da omi sí sìmẹ́ńtì tó ń dán nínú ọgbà, kí ẹ dúró lé e, kí ẹ fi gìgísẹ̀ tì í síwájú. Bí ó bá yọ̀ níbẹ̀, á yọ̀ lókè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí orúnkún yín ṣe lágbára tó, Òkè Ìdànrè ò jìnnà: àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ẹ gùn ún ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹni tí itan rẹ̀ bá ṣì ń ro ó lọ́jọ́ kẹta, kó fi ìpele kejì ṣe òpin tirẹ̀.

Omi mímu: lítà 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́rin. Ó wúwo tó kílò 2, ẹ tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn nínú báàgì kí ó má bàa fà yín sẹ́yìn, kí kọ́kọ́rọ́ má sì gún un lára. Ẹ dá píọ̀ méjì sọ́tọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́, pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, gbogbo rẹ̀ kó tẹ́ ṣíbí, kó má ga gegele. Bí òógùn bá ti gbẹ omi ara ẹnì kan, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, ẹ po ó pọ̀, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹyin sísè ni oúnjẹ ọ̀nà. Mọ́ínmọ́ín dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ kí ó tó di aago mẹ́wàá, torí ooru inú báàgì máa ń bà á jẹ́. Iyán ń bẹ ní gbogbo ọ̀nà yẹn, a mọ̀. Ẹ fi í dúró di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ fi ọ̀já kan kún ẹrù. Ọ̀já tí wọ́n fi ń pọnmọ wúlò ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lọ: ó ṣeé fi gbé apá tó kán kọ́ ọrùn, ó sì ṣeé fi di ọrùn ẹsẹ̀ tó fẹ́ wú lórí bàtà, láìbọ́ bàtà náà. Tọ́ọ̀ṣì, fèrè, aṣọ gbígbẹ nínú náílọ́ọ̀nù méjì, ó tán.

Tí ẹ bá dé ibi omi, ẹ wo òkúta kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó gbẹ, tó funfun díẹ̀, tó sì ha ọwọ́, ẹ lè gbà á gbọ́. Èyí tó dúdú tó sì ń dán, ewéko tín-ín-rín kan ló bò ó, irú èyí tó máa ń wà lára amù. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn amù rí mọ bó ṣe ń yọ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹ́ta nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì máa wà lára nǹkan nígbà gbogbo, kí ẹ sì fa gbòǹgbò wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣe èèyàn léṣe jù, nítorí orúnkún ti rẹ̀, gbogbo ìwúwo ara sì ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú. Níbi tí òkè bá ti ga ṣánṣán, ẹ kọjú sí i bí ẹni tó ń sọ̀ lórí àkàbà.

Bí ẹ bá dúró sinmi, ẹ fi òkúta kékeré kan sí etí omi gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ wò ó. Bí omi bá ti bò ó, tàbí tí omi pọ́n, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń bá a bọ̀, òjò ti rọ̀ lókè lọ́hùn-ún bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lórí yín. Òkúta kì í mu omi, gbogbo òjò náà ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kúrò nínú odò, ẹ bọ́ sí ibi gíga, ẹ má sì sọdá.

Ẹ má dúró sábẹ́ ibi tí omi ti ń já: òkúta àti ẹ̀ka igi máa ń bá a wá. Ìfófòó ibẹ̀ pàápàá kì í gbé èèyàn, torí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ gan-an á rì níbẹ̀. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má gé ojú ibi tó bù jẹ, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà dúró sójú kan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Kí ẹ tó jáde ní ẹnu ọ̀nà, ẹ ka ara yín, ẹ kó náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà yín dání, kí ẹ sì wọ aṣọ gbígbẹ. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣàánú ẹni tí aṣọ tútù wà lára rẹ̀.