Fírísà Mi Ń Jò, Wọ́n Ní Kí N Máa Ra Gáàsì

Owó gáàsì tí mo ti rà sínú fírísà yìí, ǹ bá ti fi ra òmíràn. Tòkunbọ̀ ni, Kútọnu ni mo ti rà á, òun ni mo fi ń ta ẹja dídì nítòsí ọjà Wàndó níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lórílẹ̀-èdè Benin. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ẹ̀rọ á máa kùn tọ̀sán tòru, owó tí mo bá fi sórí mítà á sì yọ́ bí iyọ̀ inú omi. Mà á ránṣẹ́ pe oníṣẹ́. "Màmá, gáàsì ló tán. Ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ sí i." Á fi sí i, á gbowó, ó tún dìgbà míì.

Irọ́ ni! Gáàsì fírísà kì í tán. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po. Bó bá dín, ó jò ni. Àbúrò mi ló ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ fún mi: R134a, gíráàmù 150. Kìlóò kan irú gáàsì bẹ́ẹ̀, bó bá bọ́ sáfẹ́fẹ́, bó ṣe ń mú ayé gbóná láàárín 100 ọdún tó ti carbon dioxide (gáàsì inú èéfín ọkọ̀) kìlóò 1,430. Ẹ ṣírò tèmi: ó lé ní kìlóò 200 carbon dioxide, bó bá jò tán lẹ́ẹ̀kan péré. Torí irú rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fohùn ṣọ̀kan ní Kigali, olú ìlú Rwanda, lọ́dún 2016 pé àwọn á máa dín in kù. Èmi wá ń sanwó kí wọ́n máa bá mi dà á sójú ọ̀run.

Mo ní n kò ra gáàsì mọ́, ihò ni kí wọ́n bá mi wá. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọ̀kan ní páìpù wà nínú ògiri fírísà, kò sẹ́ni tó lè rí i. Òmíràn ní kí n tà á fún òun. (Ohun tó ní kò wúlò mọ́ ló fẹ́ rà o.) Ẹ̀kẹta gbà, ṣùgbọ́n kò ní pọ́ńpù tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, ó ní kò pọn dandan. Mo ní ó pọn dandan, torí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin tó bá kù síbẹ̀ á ba ẹ̀rọ jẹ́. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ti di oníṣẹ́ fìríìjì ni?" Mo ní owó mi ló sọ mí dà á.

Bàbá kan lódì kejì ìlú ló gbà wá níkẹyìn. Wọ́n ní pọ́ńpù, wọ́n sì ní sílíńdà tí wọ́n gba gáàsì tó kù sí, wọn ò tú u dànù. Wọ́n fi gáàsì náítírójìn kún páìpù, wọ́n po ọṣẹ, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún sí gbogbo ibi tí páìpù ti so pọ̀ lẹ́yìn. A dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíltà (asẹ́ ara páìpù), ìfófòó kan yọ, ó wú, ó bẹ́, òmíràn tún yọ níbẹ̀. Mo pariwo débi tí aládùúgbò fi sáré wá. Inú ògiri kọ́, ìta gbangba ni, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó!

Jíjó ihò pa, pípààrọ̀ fíltà, wíwọn gáàsì tuntun, ìyẹn ò gba àròyé. Wọ́n bá mi pààrọ̀ róbà ìdérí náà, torí bébà tí mo fi há a ń yọ wọ́ọ́rọ́.

Ọ̀rá tí mo fi ń di ẹja fún oníbàárà ló kù. Láti 2017 ni òfin ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní Benin, àmọ́ ẹ dé ọjà kẹ́ ẹ wò ó. Ní tèmi, ẹni tó bá gbé abọ́ wá, mo ń fún un ní èènì. Àwọn kan ti ń gbé agbada dé!

Bí fírísà yín bá ń béèrè gáàsì lemọ́lemọ́, kí oníṣẹ́ tó tú nǹkan kan, ẹ bi í bóyá ó ní pọ́ńpù àti ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn gáàsì. Ẹ má sì jẹ́ kó fi R600a, irú gáàsì mìíràn, rọ́pò R134a fún yín. Lóòótọ́, R600a kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ayé gbóná, ṣùgbọ́n ó ń gbiná, fírísà tí wọ́n ṣe fún un nìkan ni wọ́n ń fi í sí. Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun ni kó wo ẹ̀yìn fírísà náà bóyá R600a ni wọ́n kọ síbẹ̀ kó tó sanwó.