Bí Sípíkà Kọ̀ǹpútà Bá Ń Kùn Lẹ́yìn Tí Ẹ Kó Dé Ilé Tuntun

Ẹ ti kó ẹrù dé, ẹ ti to àga, ẹ wá tan kọ̀ǹpútà. Sípíkà tí kò ṣe nǹkan kan nílé àtijọ́ ń kùn hùùù bí oyin inú ihò igi. Ẹ má tíì bínú sí àwọn tó bá yín kẹ́rù, ẹ má sì tíì ra òmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, sípíkà ò yí padà. Iná inú ilé ló yí padà.

Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá rọ́nà wọ inú sípíkà, etí yóò gbọ́ ọ bí ohùn ìsàlẹ̀ tí kì í sinmi. Ká wá ibi tó gbà wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí i

Ẹ yí ohùn sípíkà sílẹ̀ pátápátá. Bí kíkùn náà kò bá dín kù rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú sípíkà fúnra rẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́. Ẹ má tú u fúnra yín, torí iná lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri.

Bó bá dín kù, ọ̀nà wáyà ohùn ló gbà wọlé. Ẹ tì í wọlé dáadáa, ẹ mì í díẹ̀. Bó bá ń ha gìrìgìrì, ó ti já nínú nígbà tí ẹ ń kẹ́rù. Ẹ ra wáyà tuntun. Ẹ má jẹ́ kó sùn ti wáyà iná. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń ké tẹ́-tẹ́-tẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fóònù ló wà nítòsí. Ẹ gbé e jìnnà.

Wáyà ilẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Nígbà tí mo kó láti Ṣómólú lọ sí ilé àtijọ́ kan ní Èbúté Mẹ́ta, sípíkà mi kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọrùn ọwọ́ mi kan irin ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó sì ń ta mí wínníwínní bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn lára. Ihò mẹ́ta ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ní, àmọ́ nígbà tí oníṣẹ́ iná tú u, wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò fa wáyà ilẹ̀ (earth), èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀, rárá. Iná díẹ̀ tó yẹ kó wọlẹ̀ ló ń gba wáyà ohùn bọ́ sínú sípíkà. Oníṣẹ́ náà ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀, ó fa wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìtani àti kíkùn sì lọ lọ́jọ́ kan náà.

Bí ilé yín bá ní wáyà ilẹ̀, àmọ́ tí kọ̀ǹpútà wà lára ògiri kan, tí sípíkà wà lára òmíràn, iná lè máa yí po láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ ki àwọn méjèèjì bọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, ẹ yọ ṣájà rẹ̀: bó bá dákẹ́, ibẹ̀ ló ti ń wá. Bó bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ béèrè ground loop isolator lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà ní Ọ̀tígbà, Ìkẹjà. Ohun kékeré tó ń dí iná tó ń yí po yẹn lọ́nà ni, àárín wáyà ohùn ni wọ́n ń fi í sí.

Ẹnì kan lè ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ gígùn orí pulọ́ọ̀gì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Kíkùn lè lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná wọlẹ̀ bí wáyà bá já kan irin. Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án ni iná yóò gbà.

Inverter àti jẹnẹrétọ̀

Ẹ fetí sí i nígbà tí NEPA bá mú iná wá. Bó bá dákẹ́ nígbà náà, tó tún bẹ̀rẹ̀ lórí inverter, inverter olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò já gaara ló ń fà á. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré náà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó ọ̀pá àti wáyà ilẹ̀, onílé ló yẹ kó san án. Ẹ bá a sọ ọ́ kí ẹ tó san owó ilé tó kàn, torí ó máa ń ṣòro lẹ́yìn ìgbà náà.