Òkè Gígùn fún Ẹni Tó Ti Lé ní Ọdún 45: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Láàárín ọdún 45 sí 60, ọ̀pọ̀ nǹkan máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ ti kúrò nílé, àwọn òbí ń lọ, nǹkan oṣù obìnrin ń dáwọ́ dúró, oorun kò kún ojú mọ́. Ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ tàbí aya ni. Òkè gígùn kò lè wo gbogbo rẹ̀ sàn, ṣùgbọ́n ara tó bá ń gòkè déédéé máa ń sùn dáadáa, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkàn tó ti há náà a sì rí àyè mí. Ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹni àádọ́ta ọdún tó bá sáré gun òkè bí ọmọ ogún ọdún kò ní fẹ́ padà lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà kejì àti ìkẹta ni èrè rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ lè bi wá pé, “Èmi tí mo ti ń roko láti àárọ̀, kí ni mo tún ń gun òkè fún?” Ẹ̀yìn àti apá ni ọkọ́ ń lò jù. Òkè ń lo itan, ìdí àti ọkàn, orí ìdúró ṣánṣán sì ni ẹ ó wà, ẹ kò ní tẹ̀ ba.

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀

Ẹ lọ wọn ìfúnpá ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Bí iye tó wà lókè bá dé 180, tàbí iye tó wà nísàlẹ̀ dé 110, ẹ má gun òkè títí dókítà yóò fi mú un wálẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ fi ṣúgà tàbí súùtì sí àpò tí ọwọ́ rẹ̀ tètè tó, nítorí iṣẹ́ òkè máa ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Bí oògùn ìfúnpá yín bá jẹ́ irú èyí tó ń mú ni tọ̀ léraléra, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé òkè lẹ fẹ́ gùn. Ẹ má fúnra yín dá oògùn náà dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ wá ilé alájà kan tó ní àtẹ̀gùn, kí ẹ gòkè kí ẹ sọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kí ẹ fi dé ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó di ogún ìgbà, pẹ̀lú omi lítà 2 lẹ́yìn yín. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, ẹ lo òkè kékeré tó wà nítòsí oko tàbí ilé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò: orúnkún nílò ìmúrasílẹ̀ fún ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì 6 dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri; gíga rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àtẹ̀gùn kan mu. Ẹ dúró lé e lórí, ẹ fọwọ́ kan di ògiri mú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta kí gìgísẹ̀ tó kanlẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹwàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Iṣan itan tó ń dá ara dúró nígbà tí a ń sọ̀ ni èyí ń kọ́, òun náà ló sì máa ń ro ni jù lọ́jọ́ kejì.

Òkè wo?

Olúmọ ní Abẹ́òkúta dára fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò jìn, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, ìlú sì yí i ká. Lẹ́yìn rẹ̀, òkè Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí adágún Ìyàkẹ́ wà lórí àpáta. Ẹ fi Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó sí ìkẹyìn: àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà, ìlú àtijọ́ pẹ̀lú ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, sì ń dúró dè yín lókè.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dára jù. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó yẹra fún ọjọ́ tí eruku ọyẹ́ bá nípọn. Nígbà òjò, ohun tútù kan máa ń hù lára àpáta tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá; bí àrá bá sì ti ń sán lókèèrè, ẹ yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹ ti délẹ̀ kó tó di mọ́kànlá, kí oòrùn tó mú àpáta gbóná.

Ẹrù

Omi lítà 2 fún ẹnì kan. Ọ̀rá omi máa ń bẹ́ nínú àpò, ẹ tú u sínú ike. Bí ẹ bá ń lágùn púpọ̀, ẹ po lítà 1 omi mọ́ ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí náà má kún ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kó fi omi lásán mọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà tó fún oúnjẹ. Bàtà kánfáàsì tí abẹ́ rẹ̀ ní ìlà, tó sì fi àyè tó fífẹ̀ ìka kan sílẹ̀ níwájú, ni kí ẹ wọ̀. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa gbá iwájú bàtà bí ẹ bá ń sọ̀, yóò sì dúdú. Ọ̀pá tó dé ìgúnpá yín nígbà tí ẹ bá dúró ṣánṣán ti tó.

Gígòkè

Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àtẹ̀gùn, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé gìgísẹ̀ jókòó. Ẹ má tíì gbéra. Ẹ na orúnkún ẹsẹ̀ òsì tó wà lẹ́yìn gbọnrangandan, kí egungun rẹ̀ ru ara yín. Ẹ fọwọ́ kan itan ọ̀tún níwájú: ó rọ̀, ó ń sinmi. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta, nígbà náà ni kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ sókè. Báyìí, itan kọ̀ọ̀kan ń rí ìsinmi kékeré gbà ní gbogbo ìṣísẹ̀, ẹ ó sì dé òkè láìjẹ́ pé ẹ wó lulẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹ, ẹ ti yára jù.

Ìrora àyà, ìrora tó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, òòyì, tàbí kí òógùn dáwọ́ dúró lára ẹni tí ara rẹ̀ ṣì gbóná janjan: ẹ dúró, ẹ jókòó síbi òjìji, ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ má sọ pé, “Ó kù díẹ̀.” Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ dá nìkan lọ.

Sísọ̀kalẹ̀

Ibi yìí ni orúnkún ti ń bàjẹ́. Ẹ gbé ìṣísẹ̀ kékeré, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ má fẹ̀yìn sẹ́yìn, nítorí ẹni tó bá fẹ̀yìn ni gìgísẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Ẹ fi ọ̀pá ṣáájú ẹsẹ̀. Bí orúnkún kan bá ń dùn yín, ẹsẹ̀ tó dára ni kó ṣáájú lọ sókè, èyí tó ń dùn ni kó ṣáájú sọ̀. Lórí àpáta tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má sọ̀ tààrà, ẹ máa rìn wọ́kọwọ̀kọ, láti ọ̀tún sí òsì, láti òsì sí ọ̀tún. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, egungun rẹ̀ lè ti fúyẹ́. Ìṣubú kékeré lè dá ọrùn ọwọ́.

Ohun tó wúwo lọ́kàn

Ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí méjì àkọ́kọ́ wà láìsí ọ̀rọ̀, láìsí fóònù. Ẹ mí sínú dé orí kíkà mẹ́rin, ẹ mí síta dé mẹ́fà; èémí tó ń pẹ́ jáde ló ń rọ ìlù ọkàn. Ẹkún lè gbọ̀n ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sun ún. Kí ẹni tó bá a lọ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́, kó jókòó tì í, kó fún un lómi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn, tí kò jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú ara rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ, ẹ má mú un lọ sórí òkè.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, iye ìgbà tí ẹ sinmi, àti bí ọkàn yín ṣe rí kí ẹ tó lọ àti lẹ́yìn tí ẹ dé. Bí ẹ bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ó rí i tí iye ìsinmi ń dín kù.

Òkè àdúrà

Ọ̀pọ̀ wa ló ń gun òkè pẹ̀lú ààwẹ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Bí ààwẹ̀ aláìmumi bá ni, ẹ gòkè kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣínu lókè pẹ̀lú omi àti ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ dúró tó wákàtí kan, kí ẹ tó sọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kó bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Lẹ́yìn òkè

Itan yóò ro yín fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Bí orúnkún bá wú, tàbí tí ìrora wà lójú kan péré tó sì kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ fi han dókítà kí ẹ tó tún gun òkè mìíràn.